Àrọ̀ Tí Bàbá Àgbà Mi Purọ́ Mọ́

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni bàbá àgbà mi fi kọ̀ láti jẹ ẹja àrọ̀, nítorí pé ó ti purọ́ mọ́ ọn. Kì í ṣe èèwọ̀ ìdílé wa, ara rẹ̀ kò sì kọ̀ ọ́. Ó sọ ohun tí kò mọ̀ nípa orúkọ àrọ̀, ó fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ sára ògiri ìjọba, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì dà á kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó wá rí òótọ́, ó ní àrọ̀ kò ní kan ẹnu òun mọ́ títí wọn yóò fi tún ògiri náà ṣe. Wọn kò tún un ṣe. Kò jẹ ẹ́.

Jákọ́bù Ṣótúndé ni orúkọ rẹ̀. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù tó kọjá, nínú ilé rẹ̀ ní Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe dàgbà: olùtọ́jú ìgò ẹja ní ibùdó ẹja kékeré kan lẹ́yìn Alábàtà. Bí àwọn oníwàádìí bá mú ẹja dé láti Odò Ògùn tàbí Odò Ọ̀yán, Bàbá ni yóò fọ̀ ọ́, òun ni yóò kì í bọ inú ìgò, òun ni yóò da fọ́málìn lé e lórí, omi olóòórùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹja jẹrà. Lẹ́yìn náà ni yóò mú gègé, yóò kọ orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹja náà sí pépà ara ìgò. Kò sí ẹni tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn dókítà oníwàádìí ń kọ jágbajàgba. Bàbá ni ń dà á kọ kí ojú tó lè rí i.

Orúkọ òyìnbó ni gbogbo wọn, Látìn àti Gíríìkì, orúkọ méjì-méjì fún ẹja kan. Ó ń kọ wọ́n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan nínú wọn. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ohun tó dùn òun jù láyé òun nìyẹn: "Mo dà bí akọ̀wé ilé ìkómọ tó ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, tí kò bèèrè rí lọ́wọ́ ẹnì kan pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín."

Bàbá kì í jókòó. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìjemọ̀. Ó ń jẹun ní ìdúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ka ìwé ní ìdúró, bí ẹ bá sì rí i tó fi ìdí lé àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ti wà nínú bàtà. Màmá àgbà mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Yẹmisí, tó bá a gbé ju àádọ́ta ọdún lọ, ló sọ ọ́ dára jù lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹnì kan ní kí Màmá jókòó sórí àga Bàbá. Màmá wo àga náà, ó ní, "Èwo ni àga Bàbá? Àga ilé yìí kò mọ ìdí bàbá yín."

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni àìlèjókòó náà wá le sí i. Ó ti kó gbogbo orúkọ ẹja tó kọ láyé rẹ̀ sínú páálí bàtà mẹ́ta, káàdì kan fún orúkọ kan. Ó gba ìwé atúmọ̀ èdè Látìn kan tó ti ya lọ́wọ́ àlùfáà àgbà kan ní ìjọ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò mú káàdì bíi márùn-ún sínú àpò agbádá, ó di ìta. Orí káàdì kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́ta ló máa ń wà: orúkọ náà, ẹni tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, àti bóyá òun ti fi ojú ara òun rí ẹja náà. Ìlà kẹta yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Alfa Mùsídíkù ní Òwu.

Alfa Mùsídíkù ní ilé kéwú lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kan ní Òwu. Bàbá lọ bá a nítorí ẹja kan láti Odò Ọya tí orúkọ rẹ̀ kejì jẹ́ "bajad". Ẹnì kan ti sọ fún un pé èdè Lárúbáwá ni. Alfa gbọ́ ọ, ó ní kò lè ju "bayad" lọ, ohun tó jẹ mọ́ funfun. Ọ̀rọ̀ parí. Bàbá kò lọ.

"Ṣé ẹ ti rí ẹja náà rí, Alfa?"

"Bàbá, ìtumọ̀ ni ẹ bi mí. Ẹ ò bi mí ní ẹja."

"Bí ẹja náà bá wá dúdú ńkọ́?"

Alfa ló sọ èyí tó kù fún mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Ó ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn ọmọ kéwú ń ka wàláà lọ́wọ́, Bàbá wọlé pẹ̀lú ẹja tútù kan tí wọ́n fi ewé dì. Ó tú u sórí ẹní. Òórùn gba inú ilé. Bàbá yí ẹja náà dojú dé, ó tún yí i padà, ó ní kí Alfa wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó wo ikùn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eérú, ikùn rẹ̀ funfun bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun kùn ún.

"Mo ní, Bàbá Ṣótúndé, ẹ gbé òkú ẹja wá sí ilé kéwú," ni Alfa wí. "Wọ́n mú káàdì jáde, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: ikùn nìkan. Wọ́n wá ní kí n bu ọwọ́ lù ú."

Alfa bu ọwọ́ lù ú. Mo rí káàdì náà, ìbuwọ́lùwé Lárúbáwá wà ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí Bàbá ń jáde lọ, ó sọ gbólóhùn kan tí Alfa ń sọ fún àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ títí dòní: "Orúkọ tí a kò bá fi wo ojú ẹni tó ń jẹ́ ẹ, àhesọ ni."

Kì í ṣe gbogbo ìtumọ̀ ló ṣeé sọ níbi gbogbo. Màmá àgbà kò gbàgbé ọjọ́ tí àlùfáà ìjọ wọn wá jẹun. Ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà gùn, ó dà bí ejò, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá láti Odò Ọya. Àlùfáà fẹ́ bu iyì fún onílé, ó ní òun gbọ́ pé Bàbá mọ orúkọ ẹja, kí ni ti èyí? Bàbá sọ orúkọ rẹ̀: Gymnarchus. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Bàbá ní, "Ìdí tó wà ní ìhòhò ni, sà."

Màmá ní òkèlè dúró sí àlùfáà lọ́nà ọ̀fun.

"Bàbá Yẹmisí, àlejò ń jẹun."

"Wọ́n bi mí ni. Kò ní lẹbẹ lábẹ́, ìdí nìyẹn. Ohun gbogbo wà ní gbangba." Ó tún fẹ́ gbé ẹja náà sókè láti inú àwo kó fi hàn wọ́n. Màmá gba àwo. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. "Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ."

Mo ka àwọn káàdì inú páálí yẹn lẹ́yìn tó lọ, n kò sì kà á tán torí pé ibi tí mo bá jókòó sí kì í gbà mí pẹ́. Òbòkún: ẹja wúrà, oníka dúdú. Òjìjí, tí ń gbọn ènìyàn bí iná mànàmáná: lẹbẹ rírọ̀ ní ìrù, oníná. Lórí káàdì ẹ̀pìyà, Tilapia, ó kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn dúdú kan ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "ẹja" lọ. Ó fi gègé pupa kọ sábẹ́ rẹ̀: "Bóyá òyìnbó bi wọ́n pé kí lèyí, wọ́n ní ẹja ni. Èrò tèmi nìyí, kì í ṣe ẹ̀rí."

Àwọn tó pọ̀ jù nínú káàdì náà, lábẹ́ orúkọ ẹja, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: N kò mọ̀. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tó ń tọ́jú àwọn òfìfo wọ̀nyí. Ó gba páálí lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo fẹ́ da owó rẹ̀ nù. "Àbẹ̀kẹ́, àwọn wọ̀nyí ni mo fi ń yangàn. 'N kò mọ̀' kì í ṣe irọ́."

Kó tó di pé ó kọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, ó ti ṣe ohun tó ṣe.

Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti Òwu wá wo ibùdó ẹja, ọ̀gá kò sí nílé, Bàbá ni wọ́n ní kó mú wọn yíká. Ó fi ìgò hàn wọ́n. Ó dé ọ̀dọ̀ àrọ̀, ó sọ orúkọ rẹ̀ bó ti ń kọ ọ́ lójoojúmọ́: Clarias gariepinus. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ó sọ fún mi pé òógùn bò òun. Ọ̀pọ̀ ọdún lòun ti ń kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó bi òun rí. Olùkọ́ ń wò ó, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá wá ṣe ohun tí ọmọ Yorùbá yóò ṣe. Ó wo ilé kó tó sọ orúkọ. Ó rò ó lọ́kàn pé òyìnbó ló kọ orúkọ yìí sílẹ̀, òyìnbó ni yóò ni ilé tí orúkọ náà ti wá. Ó sì mọ̀ pé wọ́n ti fi orúkọ ènìyàn sọ ẹja mìíràn. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Gariep ni. Òyìnbó apẹja. Òun ló kọ́kọ́ pa àrọ̀."

Olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá ibùdó nígbà tó dé. Inú ọ̀gá dùn débi pé ó ní kí wọ́n ya àrọ̀ ńlá sára ògiri iwájú, kí wọ́n kọ ìtàn náà sábẹ́ rẹ̀ kí gbogbo àlejò lè rí i. Ta ni yóò kọ ọ́? Ọwọ́ ta ló dára jù? Bàbá gun àkàbà, ó fi bọ́rọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà dúdú kọ ọ́: ORÚKỌ ÀRỌ̀ WÁ LÁTI ỌWỌ́ Ọ̀GBẸ́NI GARIEP, ÒYÌNBÓ APẸJA.

Láti ọjọ́ náà lọ, ilé-ìwé tó bá wá, wọn á dà á kọ. Èmi náà dà á kọ. Ní kíláàsì karùn-ún, wọ́n ṣe ìdíje ìbéèrè ní ilé-ìwé wa, wọ́n ní ta ni wọ́n fi orúkọ àrọ̀ sọrí. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Mo gba agolo bísíkíìtì kan. Bàbá ló wá gbé mi lórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ń jẹ bísíkíìtì lẹ́yìn rẹ̀, mo ń pariwo orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Gariep títí a fi dé Ìjemọ̀. Ó ní kí n dákẹ́. Mo rò pé ó ń ṣe ojú àánú fún àwọn tí kò gba nǹkan ni.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó fẹ̀yìn tì kó tó rí òótọ́. Màmá mi, Yẹmisí, tó ń wọ mọ́tò lọ síṣẹ́ l'Ékòó láràárọ̀, mú ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé kan bọ̀ láti ọ́fíìsì, èyí tí wọ́n fẹ́ kó dànù. Bàbá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń fi ìka tọ odò káàkiri Áfíríkà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá odò gígùn kan, ó rí i ní lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́: Gariep.

Ó pè mí lórí fóònù. Kò kí mi. Ó ní, "Ìwọ akọ̀ròyìn, o mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀. Bá mi bi àwọn ará ibẹ̀."

Mo kọ̀wé lórí ẹ̀rọ sí àwọn tó ń tọ́jú ẹja ní orílẹ̀-èdè tí odò náà wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi dúró. Bàbá pè mí lójoojúmọ́. Nígbà tí èsì dé, mo gbé e lọ sí Ìjemọ̀ fúnra mi, mo sì kà á fún un ní èdè wa. Wọ́n ní kò sí òyìnbó kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ odò ni. Àwọn ènìyàn tó ti ń gbé létí odò náà kí òyìnbó tó dé ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn kò sì ju "odò" lọ. Nígbà tí òyìnbó dé, wọ́n yí orúkọ odò padà, wọ́n fi orúkọ ìdílé ọba wọn sọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó fún àrọ̀ ní orúkọ sáyẹ́ǹsì lo èyí tó wà tẹ́lẹ̀.

Bàbá ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn èyí ó jáde sí àgbàlá, ó ń rìn yí kànga po. Màmá àgbà tẹ̀lé e, ó ní, "Kí ló wá dé? Ẹja kò gbọ́ Látìn." Nígbà tó padà wọlé, ìró ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Wọ́n gba odò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ mìíràn. Ẹja ló bá wọn pa tàtijọ́ mọ́. Èmi Jákọ́bù, ènìyàn dúdú bíi tiwọn, mo tún lọ gbà á lẹ́nu ẹja."

Àrọ̀ ni Màmá sè lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò fọwọ́ kàn án.

Ohun tí wọn yóò máa rántí Bàbá fún ní Abẹ́òkúta ni ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí. Ó lọ sí ibùdó ẹja, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ìwé àlejò, ìwé ńlá tí gbogbo ilé-ìwé tó bá wá ń kọ orúkọ sí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi da orúkọ wọn kọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé ní àkókò ìtò òwúrọ̀, ó ń tọrọ àyè ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn kan lé e. Ọ̀gá obìnrin kan ní Òwu, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, sọ fún mi pé òun kọ́kọ́ rò pé bàbá náà wá ṣagbe ni.

"Mo fẹ́ fún wọn ní nǹkan kí wọ́n máa lọ," ó ní. "Wọ́n ní rárá o, ọmọ mi, ọmọ ilé-ìwé rẹ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní, ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Mo purọ́ fún àwọn tó ṣáájú yín níbí. Mo ní òyìnbó ló ni orúkọ àrọ̀. Odò kan ló ni ín, àwọn ènìyàn dúdú ló sì sọ odò náà lórúkọ. Ẹ dárí jì mí. Ọmọ kékeré kan ní iwájú wá béèrè pé, 'Bàbá, ṣé wọ́n nà yín?'"

Mo bi í pé kí ni Bàbá sọ.

"Wọ́n ní, 'Wọn ò tíì nà mí.'"

Kò dùn mọ́ gbogbo ilé. Màmá mi bá a jà ní gbangba, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí. Àwọn tí wọ́n jọ ń wọ mọ́tò lọ s'Ékòó ti ń bi í bóyá orí bàbá rẹ̀ pé. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ ń dójú tì wá. Àwọn ọmọ tó gbọ́ ọ nígbà náà ti di àgbà, wọ́n ti gbàgbé. Ta ló ń ka ògiri?"

Bàbá wà ní ìdúró lẹ́bàá fèrèsé, àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ṣíbí tọ́ka sí mi. "Ọmọ rẹ kà á. Wọ́n fún un ní bísíkíìtì."

Ó lọ sí gbogbo ilé-ìwé tó wà nínú ìwé náà. Ògiri ló kù.

Mo bá a lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ní kó mú ìwé wá láti ọwọ́ ẹni tó ní oyè nínú ẹ̀kọ́ ẹja. Ó mú un wá. Wọ́n gbé ọ̀gá náà lọ sí ibòmíràn. Èyí tó tẹ̀lé e ní wọn yóò wó ògiri náà láìpẹ́, kò nílò àtúnṣe. Wọn kò wó o. Ọ̀gá kẹta gbà fún un pé kó lọ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Bàbá ló wá kọ̀.

"N kò fẹ́ kí ẹ pa á rẹ́," ó sọ fún ọkùnrin náà níṣojú mi. Agolo ọ̀dà dúdú tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti rà á bọ̀ láti Kútọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fa ìlà kan gba àárín rẹ̀, kí n kọ òótọ́ sí abẹ́ rẹ̀, kí n kọ orúkọ mi."

"Bàbá, yóò rí wúruwùru. Ẹ jẹ́ ká kùn ún bò, kó mọ́."

"Bí ẹ bá kùn ún bò, àwọn ọmọ á rò pé ògiri kì í ṣìnà."

Ọkùnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Bàbá fi agolo ọ̀dà náà sílẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn ibùdó, ó ní bí ọkàn wọn bá yí padà, ọ̀dà wà nílé.

Oníbàárà tí kì í ra ọjà ni Ìyá Ṣerífá ń pè é. Obìnrin yìí ń ta àrọ̀ tútù ní Lafẹ́nwá, inú agbada omi ni wọ́n máa ń wà, wọ́n ń jà, wọ́n ń ta omi sí ènìyàn lára. Bàbá máa ń dúró tì wọ́n, á máa wò wọ́n. Bí ẹni tó fẹ́ rà bá dé, á sọ fún un pé odò ló ń jẹ́ o, kì í ṣe òyìnbó. Ìyá Ṣerífá ní, "Mo ní Bàbá, ẹ má lé oníbàárà mi. Wọ́n ní àwọn ò lé e, àwọn ń kí i káàbọ̀ ni."

Òun ló sè àrọ̀ ata wá nígbà tó gbọ́ pé Bàbá ti dùbúlẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Bàbá tí kì í jókòó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń rìn lábẹ́ aṣọ ìbora. Kò tíì jẹ nǹkan kan láti àná. Màmá àgbà bu ọbẹ̀ sínú àwo, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá Yẹmisí, ẹ tọ́ ọ wò. Omi rẹ̀ nìkan. Ọlọ́run ti dárí jì yín."

Bàbá wo àwo náà pẹ́. Ó yíjú sí mi. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé wọ́n ti fa ìlà sí i?"

Mo lè purọ́. Màmá àgbà ń ṣẹ́jú sí mi láti ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí n purọ́. Mo ní, "Wọn ò tíì fà á, Bàbá."

"O ṣeun." Ó ti àwo náà sọ́dọ̀ mi. "Jẹ ẹ́ níbí kí n máa gbọ́ òórùn rẹ̀."

Mo jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀. Nígbà tí mo ń lá ìka, ó ṣí ojú, ó ní, "Máa rọra jẹ ẹ́. Odò ni." Ọjọ́ kejì rẹ̀, ní òwúrọ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn ọkọ̀, mo lọ sí ibùdó ẹja. Òjò ti jẹ ìrù àrọ̀ orí ògiri, irùngbọ̀n rẹ̀ apá kan sì ti lọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá kò lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì dára.

Ọ̀gá tuntun ni wọ́n ní báyìí, dókítà obìnrin kan tó dé síbẹ̀ lọ́dún yìí. Ó gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó fi sínú yàrá ìgò, ó sì kọ ìwé pé òun gbà á. Ó ní òun náà dà á kọ láti ara ògiri yẹn nígbà tí òun wà nílé-ìwé, òun kò mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ títí òun fi dé yunifásítì. Mo bi í pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ògiri náà, mo sì sọ fún un pé mo máa kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé.

Ó ṣí fáìlì kan, ó tún pa á dé.

Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí àtúnṣe ibùdó náà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àwọn akunlé ń bọ̀. Ọ̀dà funfun ni wọ́n máa fi kun gbogbo iwájú ilé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti àwòrán kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn, wọn yóò kùn yí i ká ni. Òun kò lè fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni fa ìlà gba àárín ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri ìjọba. Ìlànà kò fàyè gbà á.

"Ó máa wà bẹ́ẹ̀ nìyẹn?" mo ní.

"Mo ń sọ ohun tí ìlànà sọ fún yín ni, mà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Mo kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ tún kọ ọ́ pé agolo ọ̀dà dúdú tí Bàbá gbé wá ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Mo mì ín, kò tíì gbẹ. Ọlọ́dẹ á ṣí géètì ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èmi ní ìpàdé ní Òkè-Mosàn lọ́jọ́ náà, n kò ní dé kó tó di ọ̀sán." Ó dìde, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "A ò ní ìlànà kankan lórí ọ̀dà tó bá ti gbẹ kí n tó dé."